Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀wù

Èmi Ìbíyẹmí ni mo kọ́kọ́ mọ eré sá nílé wa.
Ẹ bi ará Ẹ̀fọ̀n tó bá ti pé ogójì ọdún,
ta ló máa ń gbé gálọ́ọ̀nù omi gun òkè láì sinmi,
tí omi kì í sì í dà?
Dàpọ̀ a máa sunkún tẹ̀lé mi lẹ́yìn,
bàtà kánfáàsì mi àtijọ́ ń jó lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ó ti fi àkísà dí iwájú rẹ̀ kó lè bá a mu.
"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró dè mí!"
N kò dúró.
Eré kì í dúró de àbúrò.

Ọdún tí orúnkún mi yẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtàwùrẹ́,
tí tíṣà eré ìdárayá fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò tèmi nínú ìwé,
mo ní ó dára. Mo ní kò sí wàhálà.
Mo wọ yàrá, mo fi ìrọ̀rí di ẹnu.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́:
inú mi kò dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn
lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé pé wọ́n ti mú un,
pé yóò wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kọjá òkun.

Lálẹ́ ọjọ́ eré, a kó jọ sí ṣọ́ọ̀bù Fálọ́dún onígbàjámọ̀.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí àgbà tí òtútù mú,
tẹlifíṣọ̀n kékeré, orí rẹpẹtẹ.
Ìyá wa jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń gẹrun,
ó di apá àga náà mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí.

Ẹ wá wò ó!
Ìbídàpọ̀ ọmọ Fálúyì, lójú ìlà keje,
ó ń gbọn ọwọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán.
Akéde gbé orúkọ rẹ̀, orúkọ ṣubú,
ó tún un gbé, ó fọ́ mọ́ ọn lẹ́nu,
ó wá pa á tì, ó ní:
"Nàìjíríà! Nàìjíríà ló wà níta! Nàìjíríà ń bọ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi odindi orílẹ̀-èdè pe ọmọ
tó ń tọ̀ sórí ẹní títí ó fi pé ọdún mẹ́sàn-án.
Ara mi bù máṣọ.
Ìyá wa ní, "Ọmọ ulé mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"
Kò sẹ́ni tó ráyè dá a lóhùn.

Ẹgbẹ̀rin mítà. Ìyípo méjì péré.
Kò tó láti ilé wa dé odò.
Ní ìyípo kìíní ó wà lẹ́yìn; ní ìkejì
ó yọ ejìká bí ẹni tí òkè wa wà níwájú rẹ̀.
Mo mọ ejìká yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó:
bí òkè bá le, ilẹ̀ ni kí o wò, má wo téńté.

Ipò karùn-ún.
Ẹnìkan pòṣé. Ẹnìkan ní ìjọba ò fún wọn lówó oúnjẹ.
Fálọ́dún pa jẹnẹrétọ̀. Nínú òkùnkùn, ìyá wa béèrè:
"Ṣé ó ti jẹun?"

Ọjọ́ Sátidé ló dé, nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́,
kò sí góòlù, kò sí gómìnà.
Ìwé nọ́ńbà àyà rẹ̀ ni ìyá wa gbà, pẹ̀lú píìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, lórí káàdì ìrìbọmi wa.

Ìdájí ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn mi:
"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká gun òkè."
Orúnkún mi ń kùn. Kùrukùru bo Ẹ̀fọ̀n mọ́lẹ̀.
Ó wà níwájú, èmi ń tiro bọ̀ lẹ́yìn,
mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀wù náà,
lẹ́tà kan, lẹ́tà kan, títí kùrukùru fi gbé e mì.
N kò pè é pé kó dúró.
Ó dúró.